Irin Ọgọ́rin Kílò àti Rọ́bà Mẹ́ta

Kò sí ohun tí Lágúnjú kórìíra nínú ilé rẹ̀ ní Ilare tó rọ́bà mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ so mọ́ ìdí igi máńgòrò. Ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan pupa. Ẹ̀kẹta dúdú, òun ló sì le jù. Fọkanáísà ló gé e lára túùbù táyà ọ̀kadà. Láràárọ̀, bí Fúnlọ́lá bá ti gbálẹ̀ tán, á gbé Ìkẹ́olúwa, ọmọ wọn ọlọ́dún kan, lé itan bàbá rẹ̀ ní fàráńdà, á sì lọ bá rọ́bà rẹ̀. Á kẹ́yìn sí igi, á fi rọ́bà kọ́ èjìká méjèèjì, á lóṣòó, á dìde, á tún lóṣòó.

Lágúnjú á ní kí wọ́n wá wo ẹni tó ń kẹ́yìn sí ohun tó fẹ́ gbé.

"Rọ́bà pátá lò ń fà yẹn, Ìyá Ìkẹ́," á wí. "Kì í ṣe agbára."

Irin ni Lágúnjú mọ̀. Òun ló ní kí wẹ́dà jó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga: ọ̀pá gígùn kan, irin jíà ọkọ̀ akẹ́rù lórí méjèèjì, ọgọ́rin kílò, kò lé, kò dín. Nígbà kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ládùúgbò a máa wá dúró wò ó bó bá ń gbé e sókè orí. Ẹnikẹ́ni ò tíì sún irin náà láti òjò èṣí. Koríko ti yí i ká, ó ti dípẹtà, síbẹ̀ Lágúnjú ń fi í yangàn bí ẹni tó lọ́mọ lókè òkun.

Ó ní irin kì í purọ́. Ọgọ́rin kílò ni láàárọ̀, ọgọ́rin kílò ni ní ìrọ̀lẹ́. Rọ́bà ńkọ́? Bí kò bá tan èèyàn jẹ, á já báni lójú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Fúnlọ́lá fèsì. Ó ní irin a máa dúró de ẹni tó fẹ́ gbé e, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ṣe ń dìde ni rọ́bà á máa fà á padà sílẹ̀.

"Ohun tí mo fẹ́ gbé, kì í dúró jẹ́ẹ́," ó ní.

Lágúnjú rẹ́rìn-ín títí ọmọ orí itan rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Solomon, àbúrò rẹ̀, nìkan ni kì í bá a rẹ́rìn-ín. Lágúnjú ló kọ́ ọ ní irin gbígbé, àyà rẹ̀ sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó ń wá ní kùtùkùtù, ó ń wá ní ìrọ̀lẹ́, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Fúnlọ́lá kì í pe orúkọ rẹ̀, nítorí ó bá a nílé ọkọ ni. Ọkọ Mi Kékeré ló ń pè é. Lọ́jọ́ tí Solomon sọ pé òun ti ríṣẹ́ sí Ìlọrin, pé Sátidé tó ń bọ̀ lòun ń lọ, kò sẹ́ni tó jẹun yó nínú ilé náà.

Lágúnjú ní òun ò ní gbé inú ilé tí kò ti sí ẹni tó lè gbé ọgọ́rin kílò. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, Àyànlọ́wọ̀, lòun ń lọ ní Ẹdúnàbọ̀n, nílé tí ọkùnrin gìrìpá mẹ́rin ń gbé.

Fúnlọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ má lọ, Bàbá Ìkẹ́. Mi ò fẹ́ kọ́mọ yìí máa wọ mọ́tò lọ wo bàbá ẹ̀ bí ẹni lọ kí àlejò. Ẹ fún mi di Sátidé."

"Sátidé ò jìnnà," ni Lágúnjú wí. "Ìwọ á gbé ọgọ́rin kílò, àbí mọ́tò á gbé èmi lọ."

Ní Wẹ́sidé, Ìkẹ́olúwa yọ́ bọ́ sílẹ̀ lórí itan bàbá rẹ̀, ó rá lọ sídìí garawa omi. Lágúnjú rí i. Ibi tó jókòó sí náà ló ti pe Fúnlọ́lá lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ròkè débi pé aládùúgbò dáhùn lẹ́yìn ògiri. Fúnlọ́lá ju rọ́bà sílẹ̀, rọ́bà náà ta padà nà án lọ́rùn pàà. Ọwọ́ ọmọ ti wà nínú omi kó tó gbá a mú.

"Rọ́bà ti di ẹ́ létí," ni Lágúnjú wí. Òógùn bò ó.

Fúnlọ́lá gbé ọmọ padà sórí itan bàbá rẹ̀, ó sì fi ọ̀já so ó mọ́ ọn níkùn. Nígbà tí aládùúgbò yọjú, ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò rí ibi tí obìnrin ti ń pọnmọ mọ́ ọkùnrin níwájú rí. Fúnlọ́lá padà sídìí igi. Rọ́bà dúdú ló mú.

Ní Fúráìdé, Àyànlọ́wọ̀ ránṣẹ́ pé wọ́n ti gbá yàrá tó kángun sí bálùwẹ̀.

Ní Sátidé, Solomon wá pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Àyànlọ́wọ̀ dé pẹ̀lú méjì nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn mọ́tò kalẹ̀. Àpótí Lágúnjú ti wà ní fàráńdà. Fúnlọ́lá tú ọmọ kúrò níkùn bàbá rẹ̀, ó gbé e fún Solomon, ó sì fi ọ̀já náà gba ara rẹ̀ nídìí gírígírí.

Lágúnjú fi ẹnu júwe ìdí kànga. "Irin nìyẹn. Lọ gbé e ká rí i."

Fúnlọ́lá ò wo ọ̀nà irin náà rárá. Ó wá síwájú ọkọ rẹ̀, ó kẹ́yìn sí i, ó lóṣòó, ó ní, "Ẹ dì mọ́ mi lọ́rùn," ó sì pọ̀n ọ́n dìde kúrò lórí kẹ̀kẹ́ arọ tí Solomon nìkan ti ń gbé e kúrò tẹ́lẹ̀, òun tòun ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tí kò tẹlẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí irin yẹn ti já lé e lẹ́yìn, ó sì gbé e wọlé.