Ìbọn Abdulmujeeb àti Ajá Olóko

Ọkùnrin kan wà ní Bury, lẹ́bàá Manchester, tó ń jẹ́ Abdulmujeeb. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àbùkù kan ló ní: bó ti wù kó ṣàṣìṣe tó, ẹnu rẹ̀ kì í gbà á láti sọ pé, "Èmi ni mo ṣe é, ẹ forí jì mí." Bí àwo bá fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, á ní àwo náà ti sán tẹ́lẹ̀. Bó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, bọ́ọ̀sì ló jẹ̀bi.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Hasanat ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wà ní Ìlọrin, físà wọn kò tíì jáde. Nínú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé, bí kò bá tan tẹlifíṣọ̀n, kò ní gbọ́ ohùn èèyàn títí tí yóò fi padà síbi iṣẹ́. Níbi iṣẹ́ náà, "MJ" ni wọ́n ń pè é, nítorí orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu wọn.

Ẹnì kan ló ń pe orúkọ náà délẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan ni, Holt lorúkọ rẹ̀, ó ń sin àgùntàn lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Abdulmujeeb ló tọ́jú ìyàwó bàbá yìí títí tí ìyẹn fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ku bàbá àti Nell ajá rẹ̀ nínú ilé ńlá. Nígbà tí Holt gbọ́ pé ọmọ ọdẹ ni Abdulmujeeb, òun ló ṣe onígbọ̀wọ́ fún un tó fi gba láísẹ́ǹsì ìbọn, kó lè máa bá a lé àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń gbé ọmọ àgùntàn rẹ̀ lọ.

Bàbá kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Tó o bá rí ojú tó ń dán nínú òkùnkùn, má tíì yìnbọn. Dúró títí wàá fi rí gbogbo ara ẹran náà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Inú iṣẹ́ yìí ni wọ́n bí mi sí."

Bẹ́ẹ̀ ni Abdulmujeeb ṣe ń lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́. Á dùbúlẹ̀ sórí koríko tútù, á máa ṣọ́nà. Bí oòrùn bá yọ, á wọ ilé ìdáná, bàbá á gbé tíì fún un. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nell á gbé orí lé bàtà Abdulmujeeb, á sì sùn. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ara ti í tù ú tó bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, ìkùukùu bo orí òkè. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá tí kò pa nǹkan kan, inú sì ń bí i. Ó tan iná tọ́ọ̀ṣì, ó rí ojú méjì tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta. Kò dúró. Ó yìnbọn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Nígbà tó dé ìdí ògiri, Nell ló bá nílẹ̀. Ajá náà ti yọ jáde nílé, ó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Abdulmujeeb kúnlẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló gbẹ́ kòtò sínú igbó, ó sin ajá, ó sì fi ewé bo ojú kòtò náà.

"Ǹjẹ́ o rí Nell lóko?" ni Holt bi í bó ṣe ń gbé tíì ka iwájú rẹ̀.

"Rárá, sà."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n jọ fi wá a. Bàbá ń pe, "Nell! Nell!" Abdulmujeeb náà ń pe orúkọ ohun tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ sin. Nígbà tó sọ ọ́ fún Hasanat lórí fóònù, obìnrin náà ké.

"Ẹ lọ bá bàbá yẹn lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

"Á lé mi ni, Hasanat. Mi ò lẹ́lòmíràn níbí."

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Lọ́jọ́ kẹrin, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ hú òkú Nell jáde. Bàbá rí i, ó sì rí ojú ọta lára rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Abdulmujeeb.

"Aṣọ tí mo fi gbé e ló wà nílẹ̀ yìí," ni ó wí. "Wò ó, kó o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi."

"Ìkùukùu ló pọ̀, sà. Ajá náà kò sì yẹ kó jáde..."

Bàbá ká aṣọ náà, ó ní, "Ká ní o sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, à bá jọ sin ín. O jẹ́ kí n máa fi ọjọ́ mẹ́ta pe òkú." Ó ṣílẹ̀kùn fún un. Kò pariwo.

Bàbá yọwọ́ nínú onígbọ̀wọ́ tó ṣe fún un, àwọn ọlọ́pàá sì wá kó ìbọn, wọ́n gba láísẹ́ǹsì. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Lọ́jọ́ kan, ó rí Holt lọ́jà Bury, ó sáré tọ̀ ọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí láyé rẹ̀: "Ẹ forí jì mí, sà. Èmi ni mo ṣe é." Bàbá mi orí díẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Títí dòní, Abdulmujeeb ṣì máa ń jí kílẹ̀ tó mọ́, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá rẹ̀, kò sì síbi tó ń lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìtàn yìí kọ́ wa pé kí á rí ohun tí a fẹ́ ṣe dájú kí á tó ṣe é. Ó sì tún kọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣìṣe kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹni a ṣẹ̀ sì lè forí jì wá bí a bá tètè jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ nítorí kí ọ̀rẹ́ má baà kọ̀ ọ́, irọ́ náà gan-an ni yóò lé ọ̀rẹ́ náà lọ. Ẹ jẹ́ ká máa tọrọ àforíjì nígbà tí ó ṣì lè wúlò.