Bátìrì Tó Ń Kú Mọ́jú

Ọjọ́ Ajé kẹta rèé tí wọ́n ń ti ọkọ̀ tíṣà dé ṣọ́ọ̀bù Rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ọkọ tíṣà tó kú ló fi í sílẹ̀ fún un. Dáínámò rẹ̀ ju Rewáyà lọ́jọ́ orí.

Rewáyà da yanrìn sí ibi tí epo ń kán sí lábẹ́ ọkọ̀, ó sì ti mítà bọ bátìrì. Kò tó fóòtì méjìlá. Ó ya iná lára bátìrì míì, ẹ́ńjìnnì jí, mítà gun mẹ́rìnlá, ó dúró síbẹ̀.

"Dáínámò ń ṣiṣẹ́ rẹ̀," ó ní. "Nǹkan kan ló ń mu iná yìí lẹ́yìn tí ẹ bá pa ọkọ̀. Àbí rédíò ni?"

"Rédíò ti kú ṣáájú ọkọ mi. Ẹ ṣáà bá mi wá a. Bí mo bá tún pẹ́ dé iléèwé lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní kí n má wá mọ́."

Ó yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí iná ń jò gbà níbẹ̀. Gílóòbù kékeré inú ọkọ̀, tó wà lókè orí wọn, nìkan ló tuntun. Ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, súwẹ́tà àti kẹ́tùlù wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, aṣọ iṣẹ́ kan sì rọ̀ sí fèrèsé.

"Tíṣà, ẹ kúkú ti kó ilé sínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀dì ló kù."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀dì ò gba ẹnu ọ̀nà."

Fóònù dún. Ìyàwó Rewáyà ni. "Àbàwọ́n epo dúdú ilẹ̀ ọgbà yìí ò lọ o. Ọwọ́ mi ti bó."

"Rọra. Ilé tó dáa tó báyìí, tí a ò tíì lo oṣù kan níbẹ̀, o ti ń bá ilẹ̀ jà." Lándílọ́ọ̀dù ti sọ fún wọn pé ayálégbé tó kó jáde rí èyí tó dáa ju ìyẹn lọ.

Ó yíjú sí tíṣà. "Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọ̀la, kí n fi mítà ṣọ́ ọ."

"Di ọ̀la?"

"Ọjọ́ kan péré, mà. Ṣé ilé jìnnà ni?"

"Kò jìnnà." Tíṣà kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé oníbàárà, ó kó ìwé àwọn ọmọ mọ́ra, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mítà ò yẹ̀ kúrò níbi tó wà lálẹ́ àná. Bátìrì le koko. Ó jáde láti lọ ròyìn ayọ̀, ó bá tíṣà lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, aṣọ àná ló wà lọ́rùn rẹ̀, ìrì wà lórí gèlè rẹ̀, bírò pupa sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ tètè jí o, mà."

"Mi ò fẹ́ pẹ́ ni."

Rewáyà wo ìrì náà. Ó wo gílóòbù tuntun inú ọkọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tàn mọ́jú lánàá.

"Ẹ wọlé sọ́kọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gbé yín délé, kí ẹ wẹ̀, kí ẹ tó lọ síléèwé."

Rewáyà ṣí ìwé oníbàárà láti wo àdírẹ́sì tí tíṣà kọ síbẹ̀ lánàá: ilé kẹta lẹ́yìn pósítọ́fíìsì, géètì búlúù, èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò òun Rewáyà fúnra rẹ̀.