Ohùn Kejì Lórí Rédíò Káyọ̀dé

Ní ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún 2013, Ìbídùnní ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀ wọn ní Kubwa nígbà tí ọkọ rẹ̀, Káyọ̀dé, gbé ẹ̀rọ rédíò kan wọlé. Kì í ṣe rédíò ìròyìn. Èyí tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni, tó-tó-tóò, láti ilé kan sí òmíràn, tàbí sí ìlú òyìnbó pàápàá. Káyọ̀dé fi ìka kan nọ́ńbà tó ń tàn lójú ẹ̀rọ náà.

"Ibí yìí ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń gbọ́ yẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí méjèèjì bá bọ́ sójú kan náà, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ̀rọ tí kì í jókòó síbi tó ní òun wà," Ìbídùnní wí. "Bàbá Jọmí, ó jọ ọ̀gá yín ní mínísírì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà sílẹ̀.

Nígbà tó fi máa di 2016, ẹ̀rín ti tán nínú ilé náà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa ń wá kí wọn lójoojúmọ́ ti dẹ́kun wíwá. Káyọ̀dé á ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó ti ẹ̀rọ, kò ní bọ́ bàtà. Ìbídùnní á máa gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ohùn kan tó ki á dún, á dákẹ́. Òmíràn á dáhùn, tín-ín-rín bí ohùn obìnrin. Káyọ̀dé á rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀rọ ni mò ń dán wò."

"Ẹ̀rọ ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

Lọ́jọ́ kejì, ó ra èyí tí wọ́n ń fi bo etí, kò sí ẹni tó tún gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìbídùnní di ẹrù rẹ̀ sínú àpò, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, òun ń padà sí Òṣogbo. Ó wo nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ, ó fi fóònù tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí Olúṣèyí, ẹni tó kọ́ Káyọ̀dé ní títẹ̀, tí òun náà ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé rẹ̀ ní Kado. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun tẹ́tí sí wọn.

Wọ́n pàdé ní ọjà ẹja Kado.

"Ẹ káàsán, Ìyá Jọ..." Olúṣèyí wúkọ́. "Ẹ má bínú, mà. Èéfín ẹja ni."

"Ṣé o gbọ́ wọn?"

"Mo gbọ́. Wọ́n kí ara wọn. Èkejì béèrè bóyá wọ́n ti jẹun."

"Ta ló rán an? Èmi tí mo se ọbẹ̀ ò béèrè!"

"Mà, nǹkan kan wà níbẹ̀. Èèyàn méjì kì í bọ́ sójú kan náà gẹ́lẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Bó ti wù kí wọ́n sún mọ́ra tó, ohùn wọn á yàtọ̀ létí mi. Ti àwọn wọ̀nyí ò yàtọ̀ rárá."

"Irọ́ ni. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ohùn méjì. Ọ̀kan ki, ọ̀kan tín-ín-rín."

"Èyí tẹ́ ẹ gbọ́ nínú ilé, ẹ̀rọ ló ń dún un fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnì wà tí wọ́n fi ń sọ ohùn náà di kíki tàbí tín-ín-rín. Ìyípadà yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ mi."

"Má fi gírámà yí mi lórí, Ṣèyí. Ò ń bò ó láṣìírí ni. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Olúṣèyí ń wo ẹja inú bàsíà. Obìnrin tó ń tà á ní, "Kai, màdáámù, ẹ ra ẹja tàbí kẹ́ ẹ yà fún oníbàárà o."

"Orúkọ rẹ̀," Ìbídùnní tún wí. "Mo ti di ẹrù mi."

Ọwọ́ ìtẹ̀ Káyọ̀dé, tó dá mọ̀ dáadáa, nìkan ni Olúṣèyí gbọ́: ó ń pe Jọmílójú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, èyí tí àwọn mọ̀lẹ́bí lọ sin láìfi ibojì rẹ̀ han òbí gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó sì ń fúnra rẹ̀ dáhùn bí ẹni pé ọmọ náà ni.