Ọ̀rọ̀ Tó Tẹ̀wọ̀n

“Pa á rẹ́! Mo ní kí o pa ‘ẹlẹ́rìn-ín’ yẹn rẹ́!” Bàbá ń nàka sí kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí tábìlì ìjẹun wọn ní Coppell, ní Texas. “Ṣé ẹ̀rín lo fẹ́ fi wọ yunifásítì? Kọ ‘aṣíwájú tí kò lẹ́gbẹ́’.”

“Dádì, àròkọ tèmi ni.”

“Ṣé kì í ṣe èmi lo ń kọ nípa rẹ̀ ni? Sún síbẹ̀, jàre!”

Inú Bàbá kúkú ń dùn lábẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀dá tí Ọlọ́run dá, òun lọmọ yàn. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ń tún un kọ. Ibi tí ọmọ ti kọ ọ́ pé bàbá òun máa ń kọrin fún òun nínú mọ́tò nígbà tí òun wà ní kékeré, ó fi ‘olùtọ́sọ́nà’ dípò rẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń jẹ ẹ̀pà létí adágún Rowlett, ó gé e dànù. Ẹ̀pà kò níyì.

“Dádì, ìgbà wo lẹ kọrin fún mi kẹ́yìn?”

“Ọ̀gá níbi iṣẹ́ kì í kọrin! Mo ń ṣiṣẹ́, o ń bi mí ní orin.”

Ọmọ ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò.

“Ó parí! Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀wọ̀n nìyẹn. Kí gan-an tiẹ̀ ni wọ́n ní kí o kọ?”

“Ó wà lókè níbẹ̀, sà.”

Bàbá fa ojú ìwé náà lọ sókè pátápátá, ó sì ń kà á jáde:

“Kọ nípa ẹnì kan tí o fẹ́ràn, tí o ti pàdánù.”