Ìtàkùn Tó Dí Fèrèsé Ìyá

Onífọ́tò kan wà tí kì í ṣe ọ̀lẹ, tí kì í jalè, tí kì í bá ará àdúgbò jà. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tó yẹ kó ṣe lónìí, ọ̀la ló máa ń fi í sí. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó ṣe nǹkan, á ní, "Ó dọ̀la, Màámi." Bó ṣe di pé wọ́n ń pè é ní Ó-Dọ̀la nìyẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Aránṣọ ni ìyá náà. Orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè rìn jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran bí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá rẹ̀, abẹ́ fèrèsé yẹn ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ibẹ̀ náà ló ti ń bá àwọn tó ń kọjá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá mú fèrèsé yẹn kúrò, kí ló kù fún un láyé?

Ó gbé ìkòkò ìtàkùn kan sí ojú fèrèsé náà, irú èyí tó máa ń gun ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn. Ìyá mọ ìtọ́jú rẹ̀. Kì í jẹ́ kí oòrùn pa á, kì í bomi rin ín láìkọ́kọ́ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì máa ń fi aṣọ tútù nu ewé rẹ̀ kí kòkòrò má bàa jókòó sí i. Bó bá ti yọ ẹ̀ka jù, á mú sísọ́ọ̀sì, á gé e.

Ọ̀kan nínú ẹ̀ka tó gé ni Ó-Dọ̀la lọ gbìn sí ìdí ògiri níta, kó lè bo ibi tí ògiri ti là.

"Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́," ni ìyá wí. "Kọ́kọ́ dí ibi tó là. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, ìkòkò ló dè é mọ́lẹ̀. Tìta yẹn, ìwọ lo máa dè é. Máa gé e lọ́dọọdún, má sì jẹ́ kó dé òrùlé."

"Mo gbọ́, Màámi. Ó dọ̀la."

Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ìtàkùn ti bo ògiri látòkè délẹ̀. Ó rẹwà, ká má purọ́. Ọkọ ìyàwó, ìyàwó, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, iwájú rẹ̀ ni gbogbo wọn ti fẹ́ ya fọ́tò. Iṣẹ́ ń ya wọlé, Ó-Dọ̀la ń fẹ̀ bíi búrẹ́dì inú omi.

Inú yàrá wá ńkọ́? Ewé ti dí ìdajì fèrèsé. Ìyá sún ẹ̀rọ síwájú, ó sún un sẹ́yìn, kò rí ojú abẹ́rẹ́. Ó ki òwú títí ọwọ́ fi ń ro ó. Inú bí i gidigidi.

"Bá mi gé ewé yìí. Mi ò ríran mọ́."

"Màámi, àwọn oníyàwó ń bọ̀ ní Sátidé, ewé yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́. Ẹ tan iná."

"Ṣé mo bi ọ́ léèrè iná ni?"

"Ẹ má bínú. Ó dọ̀la."

Sátidé lọ, òmíràn dé. Àkàbà wà níbi tó fara ti ògiri, ìyá ń wò ó lójoojúmọ́. Inú ń bí i sí ọmọ, inú ń bí i sí orúnkún tí kò jẹ́ kó gùn ún fúnra rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìtàkùn dé òrùlé, ó sì dí páìpù tí omi òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀. Omi kò rí ọ̀nà gbà, ó gba inú ògiri tó là wọ yàrá, ó sì dà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí Ó-Dọ̀la rí i, ó sáré jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìtàkùn mú.

"Má fà á," ìyá ké láti ojú fèrèsé. "Gé e nídìí, kó o fi sílẹ̀ kó gbẹ. Bó bá gbẹ, gbòǹgbò rẹ̀ á dẹwọ́ lára ògiri."

"Ìyẹn á pẹ́ jù. Òní ni mo fẹ́ kó kúrò."

Ẹ ò rí ayé bí? Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta sọ pé ó dọ̀la, ọjọ́ tó yẹ kó ní sùúrù ló wá ń kánjú. Bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó. Ó fà á tagbáratagbára. Ìtàkùn bọ́, sìmẹ́ńtì tẹ̀lé e, búlọ́ọ̀kù tẹ̀lé sìmẹ́ńtì, fèrèsé náà sì ṣubú tòun ti férémù rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ìyá, ó ti gbé ìkòkò rẹ̀ mọ́ra, ó sì ti sún sẹ́yìn. Ará ọ̀nà wá ń rí ibùsùn rẹ̀ láti ìta.

Ọmọbìnrin ìyá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, gbé ọkọ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Kò bá àbúrò rẹ̀ jà. Ó di ẹrù ìyá, ó sì gbé ìyá jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìkòkò ìtàkùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníyàwó tó wá ya fọ́tò wo ògiri tó wó, wọ́n wá onífọ́tò mìíràn lọ.

Ó-Dọ̀la di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, omi lé ròrò sí i lójú. "Màámi, màá tún ògiri yẹn mọ. Ìgbà wo lẹ máa padà wálé?"

Ìyá ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò, ó wò ó bóyá ó ń fẹ́ omi. Ó nu ìka náà sára aṣọ rẹ̀ kó tó dá a lóhùn.

"Ó dọ̀la, ọmọ mi."

Ọkọ̀ lọ. Ó-Dọ̀la ti mọ ògiri náà, ó ti fi fèrèsé tuntun tó gbòòrò sí i. Títí dòní, kò sí ẹni tó jókòó nídìí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò jìnnà. Ẹni tó bá gbin nǹkan tí kò tọ́jú rẹ̀, ohun tó gbìn ni yóò di ọ̀gá lé e lórí. Ìwà fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la kò dára, ìkánjú kì í sì í tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí òbí rẹ bá ń bẹ̀ ọ́ pé ojú òun ń ṣókùnkùn, dìde kó o gé ewé náà lónìí. Ọ̀la tí o ń fún un, òun náà lè fún ọ padà.