Ọ̀gá Tuntun Lára Ògiri

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, wọ́n tún fi ẹ̀rọ tuntun jẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìkẹta lọ́dún yìí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Oyèkúnlé, tó sọ fún Lámídì lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn pé ẹni tó kàwé alẹ́ kò lè di olùkọ́, ló kọ́kọ́ fàyà lélẹ̀. Lámídì, òṣìṣẹ́ wákíṣọ́ọ̀pù, nìkan ló dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Lámídì, dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n má baà yọ orúkọ ẹ," ni Oyèkúnlé wí láti ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi ni mo kàn án mọ́ ògiri láàárọ̀ yìí. Ìṣó mẹ́rin péré ló gbé e ró."

Nígbà tó padà dé wákíṣọ́ọ̀pù, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe. Ilẹ̀kùn tí ọ̀gá tuntun ń ṣí náà kò mọ̀ ọ́n mọ́.