Oríkì Tí Fọlárìn Kọ́pì

Tí ẹ bá gbọ́ bí Fọlárìn ṣe ń fọ́nnu nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ìkìrun, ẹ ó rò pé òun ló bí kọ̀ǹpútà. Ó ní àtinú orí òun lòun ti ń kọ gbogbo oríkì inú ìwé ètò ìsìnkú. Irọ́ gbuu! Oríkì ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́, tí wọ́n sin lọ́dún tó kọjá, ló kọ́pì lẹ̀ mọ́ ìwé Àbẹ̀kẹ́, ìyá Morádéùn oníbàárà ẹ̀. Ó tún so ìwé méjèèjì pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kí àtúnṣe ọ̀kan lè máa wọnú èkejì.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Morádéùn wá gba iṣẹ́. Ọ̀la ni ìsìnkú. Fọlárìn pa orúkọ Àṣàkẹ́ rẹ́, ó tẹ Àbẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Àṣàkẹ́ pa dà wá sójú kọ̀ǹpútà. Ó tú ìwé méjèèjì kúrò lára wọn. Àṣàkẹ́ ṣì tún pa dà wá. Òógùn bò ó bí ẹni tó jábọ́ sódò.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ka oríkì màámi sétí mi jàre."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà síbòmíì kí Morádéùn má baà rí i, ó fẹnu pààrọ̀ orúkọ. "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ a-gbálẹ̀-de-àlejò, ọmọ olómi tútù ẹ̀yìnkùlé..."

"Yéè! Màámi gan-an nìyẹn! Orí yín pé o!" Morádéùn bú sẹ́kún.

Ojú ti Fọlárìn débi pé etí ẹ̀ gbóná.

Lẹ́yìn Fọlárìn, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi ògiri, ìyá arúgbó kan dáhùn jẹ́ẹ́: "Hùn ún, ọmọ mi. Ta lo ń fi oríkì mi kí?"

Morádéùn gbójú sókè, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ káalẹ́ mà."

Fọlárìn ò wẹ̀yìn. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ojú tí yóò fi wò wọ́n ni kò ní.